Ọrùn Àwọn Obìnrin Wa Kì Í Ṣe Irin

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oṣù rírí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjà oyè lẹ́mọ́mù. Ọ̀rọ̀ ọrùn ni, ọrùn àti èjìká àwọn ìyàwó wa, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ wa obìnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré jù fún ojú ìwé àwọn Mùsùlùmí, kí ó ní sùúrù fún mi títí n ó fi sọ ibi tí mo ti bá a pàdé.

Orí ìrun ni mo ti bá a pàdé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní ilé wa ní Alékùwodò, òjò kò jẹ́ kí n lè dé mọ́ṣáláṣí, mo sì ṣe lẹ́mọ́mù fún àwọn ará ilé mi nínú ìrun Ìṣáì. Nígbà tí mo sàlámà tán tí mo yíjú padà, mo rí i pé ìyàwó mi, tí ó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sàlámà sí apá òsì. Kì í ṣe ọrùn ni ó yí. Gbogbo ara rẹ̀ láti ìbàdí sókè ni ó gbé yí, bí ẹni tí wọ́n de igi mọ́ lẹ́yìn. Mo bi í pé kí ni ó ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ni ó dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ó ti lé ní oṣù méjì tí Màmá ti ń sàlámà báyìí."

Oṣù méjì! Èmi tí mo ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi kò mọ̀. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ kí ojú ti àwọn mìíràn pẹ̀lú mi, nítorí pé láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sì ti rí i pé èmi nìkan kọ́ ni afọ́jú àdúgbò.

Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni mo ṣe. Mo ní ọjọ́ orí ni. Mo ní kí wọ́n lọ ra oògùn ara ríro wá ní kẹ́míìsì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní làkúrègbé ni, kí á wá àgbo. Obìnrin aládùúgbò kan ní ọ̀rọ̀ náà ju ojú lásán lọ, pé ẹnìkan ti gbé ẹrù àìrí lé e lórí lójú oorun. Èmi kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé àdúà kò burú, àwa náà sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lórí ìyàwó mi kì í ṣe àìrí. Gbogbo Alékùwodò ni ó ń rí i. Àwa tí a wà nínú ilé ni a kò wò ó.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ń tọ́jú iṣan àti eegun, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní físíò, kò tíì fọwọ́ kan ọrùn náà tí ó fi bi mí pé, "Àlàájì, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni Màmá máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn?" Mo la ẹnu, mo ní, "Ó ń tajà." Kò sí ohun mìíràn tí mo rí sọ. Ọmọbìnrin wa tí ó bá wa lọ ni ó ka ìyókù. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá á ti lọ pọn omi lẹ́ẹ̀mẹta ní ibi ẹ̀rọ omi òpópónà kejì, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á gbálẹ̀ ilé àti àgbàlá ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀. Á dáná lórí àdògán tí ó wà nílẹ̀. Á pọn ọmọ-ọmọ wa sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè lọ sí ibi iṣẹ́. Á lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà, á tẹ́ ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí sílẹ̀, á jókòó lórí àpótí kékeré, á máa tẹrí ba wọn kóńgò títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí aláàárù nítòsí, òun ni ó máa ń fa àpò. Bí ó bá darí dé, á gún iyán, nítorí pé Bàbá kì í jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ á fi ọwọ́ fọ agbádá Jímọ̀ Bàbá. Físíò náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ ìṣirò jù mí lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 jẹ́ kílò 25, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀ jẹ́ kílò 75 kí oòrùn tó yọ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí ni wọ́n sọ, wọn kò dá kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn.

Eegun kéékèèké méje ni Ọlọ́hun tò léra láti fi ṣe ọrùn, Ó sì fi ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù sí àárín wọn kí egungun má baà máa ha egungun. Orí àgbàlagbà wọn tó kílò 5. Nígbà tí a bá nàró tí a ń wo iwájú, ọrùn gbé e láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń tẹ orí síwájú ni ẹrù tí ń bọ́ sí ọrùn ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2014, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, Kenneth Hansraj, ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé bí èèyàn bá tẹ orí ba dáadáa, bí ẹni tí ń wo ohun tí ó wà lórí itan rẹ̀, ọrùn ń gba ìnira tí ó tó kílò 27. Nítorí náà obìnrin tí ó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, tí ó wá tẹrí ba sórí kóńgò, tàbí sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí sórí fóònù, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ó kàn pààrọ̀ ẹrù ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé àwọn ìyá ìyá wa ru ẹrù kú, ọrùn kò sì ṣẹ́ wọn. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wò ní ibòmíràn. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya, pé wọ́n lè ru ẹrù tí ó tó ìdá márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé agbára tí wọ́n fi ń rìn pọ̀ sí i. Ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ẹ wá wò ó: ìdá márùn-ún obìnrin oníkílò 60 jẹ́ kílò 12. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó sì di ọdún 2010, Ray Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò pẹ̀lú àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa. Wọn kò rí ìrọ̀rùn ọ̀fẹ́ náà lára gbogbo obìnrin. Ohun tí ó sì mú mi lọ́kàn jù ni pé nígbà tí obìnrin kan bá ní òun kò lè ru ẹrù orí náà síwájú mọ́, ọrùn ni ó máa ń dá a dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í ṣe èémí. Ọrùn ni ó ń sọ pé ó tó.

Kì í sì í ṣe ẹrù orí nìkan. Ẹ bá mi rìn ní àdúgbò wa. Ẹ wo aránṣọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀, tí ọdún Iléyá sì ń bọ̀, tí aṣọ ẹgbẹ́ 40 sì wà nílẹ̀. Ní Denmark, ní ọdún 1993, wọ́n yẹ àwọn obìnrin tí ń fi ẹ̀rọ ránṣọ wò, wọ́n sì rí i pé bí ọdún tí èèyàn lò nídìí ẹ̀rọ bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìrora ọrùn àti èjìká ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wo onídìrí tí apá rẹ̀ wà lókè fún wákàtí mẹ́rin lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo àwọn aláró tí ó sọ ìlú wa di Òṣogbo ìlú aró, ẹni tí ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí ara àdìrẹ, tí kò gbójú sókè títí aṣọ fi parí. Àwa ń yin ọwọ́ wọn. Ta ni ó ti bi wọ́n léèrè nípa ọrùn? Ìrora ọrùn mú èèyàn tó mílíọ̀nù 203 káàkiri ayé ní ọdún 2020, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju àwọn ọkùnrin lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó fà á tí iye obìnrin fi pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọkùnrin. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́, a kò jiyàn. Aláàárù ń ru ẹrù tí ó wúwo ju ti obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin bá délé, ó délé náà ni. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní ọdún 1989, Marianne Frankenhaeuser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Volvo, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Wọ́n yẹ àwọn èròjà inú ara wò, èyí tí ń mú kí ara gìrì nígbà iṣẹ́. Ti àwọn ọ̀gá ọkùnrin lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́. Ti àwọn ọ̀gá obìnrin kò lọ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kejì ń dúró dè wọ́n nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún obìnrin Sweden tí omi ń yọ nínú ògiri ilé ìdáná rẹ̀, báwo ni yóò ti rí fún ìyá tí ń gún iyán ní Alékùwodò?

Físíò yẹn ṣàlàyé fún mi pé nínú iṣan èjìká, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń gbẹ̀yìn sùn. Bí iṣẹ́ kò bá tán, wọn kì í sinmi rárá, ibẹ̀ ni ìrora sì ti ń wá. Mo ní mo mọ ẹnìkan nínú ilé mi tí ó jọ wọ́n.

Ìrònú pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ owó èlé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọjọ́ ìsan rẹ̀ jẹ́ ọ̀la, èjìká rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ kódà nígbà tí ó bá jókòó. Ẹ fi ọwọ́ kan èjìká ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ó le bí igi. Ọ̀rọ̀ èlé, mo ti sọ tèmi lórí rẹ̀ nígbà mìíràn, n kò ní tún un sọ.

Nísisìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé ìdí ẹ̀sìn. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn Fátímọ̀, ọmọ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nínú ohun tí Abú Dáwúdù gbà wá láti ẹnu Àlíyù ọkọ rẹ̀, ọlọ fi àmì sí Fátímọ̀ lọ́wọ́, awọ omi tí ó ń gbé kọ́ ara fi àmì sí i ní òkè àyà, ní ìsàlẹ̀ ọrùn, ilẹ̀ gbígbá sì sọ aṣọ rẹ̀ di eléruku. Ó lọ bèèrè ìránṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Ànábì sì kọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ ní àsíkìrì tí wọn yóò máa ṣe kí wọ́n tó sùn, 33, 33 àti 34. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù wa máa ń dúró sí. Wọ́n á yíjú sí àwọn obìnrin, wọ́n á ní ẹ gbọ́ bí, ẹ fara dà á.

Èmi kò jiyàn lórí àsíkìrì náà, a sì ń ṣe é nílé wa. Ṣùgbọ́n mo rí ohun mìíràn nínú ìtàn yẹn. Ọkọ ni ó sọ ọ́. Àlíyù ni ó rí àmì náà ní ọrùn ìyàwó rẹ̀, tí ó rántí rẹ̀, tí ó sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ànábì kò sì sọ pé irọ́ ni ọmọ òun ń pa tàbí pé ó lẹ. Ó dìde ní òru, ó lọ bá wọn nílé. Nígbà tí wọ́n sì bi Áíṣà léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní inú iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń wà, títí àkókò ìrun yóò fi tó. Èyí wà nínú Buhárì. Àlùfáà tí ó bá ka ti Fátímọ̀ fún àwọn obìnrin, tí kò ka ti Áíṣà fún àwọn ọkùnrin, ìdajì ni ó kà. Ànábì kan náà ni ó pàṣẹ lórí àwọn ẹrú pé kí á má ṣe di ẹrù tí ó ju agbára wọn lọ rù wọ́n, bí a bá sì dì í, kí á ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹrú ni èyí wà fún, kí ni ti ìyàwó ilé?

Ní ọdún 1967 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn lórí ẹrù rírù, tí wọ́n sì dá a lábàá pé ẹrù tí ọkùnrin àgbàlagbà yóò dá rù kò gbọdọ̀ ju kílò 55 lọ, kí ti obìnrin sì kéré sí i gan-an. Àpò ìrẹsì wa jẹ́ kílò 50. Ẹ̀yin alájàpá, ẹ mọ ẹni tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́ dé.

Mo fẹ́ bá àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀. Sáádì ọmọ Ubádátà bèèrè sàráà tí ó dára jù fún ìyá rẹ̀ tí ó kú, Ànábì ní omi ni, ó sì gbẹ́ kànga. Láti inú èyí ni àwọn olówó wa ti ń gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí iwájú mọ́ṣáláṣí, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. A ó kọ orúkọ olóògbé gàdàgbà sí ara ògiri, a ó fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, obìnrin á sì bẹ̀rẹ̀ gbé kílò 25 láti ilẹ̀ dé orí. Gbígbé láti ilẹ̀ yẹn ni ó ń ṣe iṣan léṣe jù. Bí a bá to búlọ́ọ̀kù ní ìwọ̀n àyà, tí a sì gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè, kẹ́ẹ̀gì á kún níbi gíga, á kàn bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni, ẹni mìíràn á sì tì í sí i. Ìdajì àpò sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ni. Kí mọ́ṣáláṣí tún ní ọmọlanke kan tí àwọn ará àdúgbò á máa yá fi ti omi. Nínú ìdílé mẹ́wàá tí kò ní omi nínú àgbàlá wọn káàkiri ayé, méje ni ó jẹ́ pé àwọn obìnrin ni ń pọn ọ́n, bí àjọ UNICEF àti àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ní ọdún 2023. Ṣé Ọlọ́hun ni ó kọ̀wé pé àwọn ọmọkùnrin wa kò gbọdọ̀ pọnmi?

Ní ti ìnáwó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ọ́, nítorí pé yóò bí àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú. Ẹ wo wòlímà tàbí yìgì. Àwa ọkùnrin á jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti aago mẹ́wàá. Àwọn obìnrin ń ro àmàlà nínú ìkòkò tí ó tó ìkòkò aró, àwọn ni ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, àwọn ni ó ń ru ọpọ́n oúnjẹ wá bá wa. A ó wá ní ẹran kéré.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oògùn. Oògùn ara ríro bíi díkílófẹ́náàkì àti íbúúpúrófẹ́ẹ̀nì, tí ẹ ń gbé mì lójoojúmọ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ó burú jù bí ẹ bá lò ó sí ikùn òfìfo, bí àwọn kan ti ń ṣe nínú àwẹ̀, tàbí bí ẹ bá da àgbo lé e. Ẹ lo ohun tí oníṣègùn bá ní kí ẹ lò. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, tí ohun tí ẹ dì mú ń já bọ́, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ọrùn líle, tàbí tí ẹ bá ṣubú kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjà ọ̀la, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìrora èjìká òsì bá wá lójijì pẹ̀lú òógùn àti àyà fífún, ọ̀rọ̀ ọkàn lè ni, ẹ sáré. Ẹni tí kò bá lè forí kanlẹ̀, kí ó fi ìtọ́ka kírun lórí ìjókòó. Ànábì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún Imránù ọmọ Husáínì nígbà tí ó ń ṣàìsàn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú àìda wo ìyá arúgbó tí ó bá jókòó sórí àga ní sàfù.

Aránṣọ, gbé tábìlì rẹ ga, dìde láàárín ìdajì wákàtí, wo òkèèrè. Ọlọ́jà, gbé kóńgò sórí tábìlì. Físíò kọ́ ìyàwó mi ní eré ọrùn àti èjìká díẹ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó ń ṣe é lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìyẹn ni kò lè gbàgbé.

Nílé wa, àwọn ọmọkùnrin wa méjèèjì ni ó ń pọnmi nísisìnyí, kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 ni mo sì rà fún wọn, nítorí pé àwọn náà ní ọrùn. Ẹ̀gbọ́n ń kùn. Mo ti ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Agbádá Jímọ̀ mi, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan sì ti bi mí bóyá ìyàwó mi rìnrìn-àjò. Ó wà nílé. Ó ti ń yí ọrùn sí ọ̀tún dáadáa bí ó bá ń sàlámà. Ti òsì kò tíì pé.